Mẹ́kúrì, Aládùúgbò Oòrùn

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ ní Òrò àti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà

   

Kò sí àgbàlagbà kan láàrin wa tí kò mọ Àgùàlà, èyí tí àwọn kan ń pè ní ajá òṣùpá. Bí oòrùn bá ti wọ̀ tán, á yọ síta, á máa tàn yòò, ọmọ kékeré pàápàá á nàka sí i. Àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀ ní tòótọ́. Ayé kan bí irú tiwa ni, tó ń yí oòrùn po, irú èyí tí a ń pè ní pílánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló súnmọ́ oòrùn jù. Òmíràn wà tó tún sún wọlé jù ú lọ, ó kéré, ó yára, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti wò ó rí láìmọ̀ pé òun là ń wò. Mẹ́kúrì ni wọ́n ń pè é. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lálẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń rí i. Mẹ́kúrì kì í jìnnà sí oòrùn, nítorí náà kò sí bí ẹ ṣe lè rí i láàrin òru. Ìgbà méjì ló ní: ìgbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, tàbí ìgbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Ìyẹn náà kì í ṣe lójoojúmọ́. Ó lè hàn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ní ìrọ̀lẹ́, kó pòórá, kó tó tún yọjú ní ìdájí. Bó bá jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́, ẹ wá ibi gbalasa kan tí ilé àti igi kò ti dí ojú sánmà, kí ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn wọ̀ sí, níhà Ìlọrin. Bó bá jẹ́ ti ìdájí, ẹ kọjú sí ọ̀nà Òmù-Àrán. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀, tó pọ́n díẹ̀, tí kì í ṣẹ́jú púpọ̀, òun nìyẹn. Ní ọjọ́ tó bá dára, ó lè ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ kí òun náà tó wọ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, Ọlọ́run ṣe ojú rere sí àwa ará ìhín. Àwọn tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Jámánì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí Mẹ́kúrì. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀nà tí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀ lójú sánmà máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, pílánẹ́ẹ̀tì tó bá wà nítòsí oòrùn á sì rì sínú kùrukùru etí ilẹ̀ kí ojú tó tó o. Ìlú Òrò wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí àríwá agbedeméjì ayé. Níhìn-ín, ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń dúró ṣánṣán, Mẹ́kúrì á sì ga kúrò nílẹ̀. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìjọmu tàbí Òkè-Ọlà láǹfààní láti rí i ju ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fi í ṣe iṣẹ́ ṣe ní Yúróòpù lọ.

Ọ̀tá wa ńlá kan ni eruku ọyẹ́. Láti àwọn ọdún 1990 ni Yunifásítì Ìlọrin ti ń fi ẹ̀rọ wọn ìtànṣán oòrùn, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà sì wà lára èyí tí àjọ NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà so pọ̀ kárí ayé láti mọ bí eruku àti èéfín ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ èyí. Bí ọyẹ́ bá ti mú, oòrùn pàápàá á dà bí òṣùpá, ká má tíì wá sọ Mẹ́kúrì.

Ẹ má rò pé ó jìnnà o. Òótọ́ ni pé ìgbà kan wà tí Àgùàlà máa ń wà nítòsí wa ju pílánẹ́ẹ̀tì yòówù lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá sí òdìkejì oòrùn, ó di ará òkèèrè, á sì pẹ́ níbẹ̀. Mẹ́kúrì kò lè rìn jìnnà sí oòrùn lọ síbì kankan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí a bá ro gbogbo ọjọ́ pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, Mẹ́kúrì ni pílánẹ́ẹ̀tì tó ń wà nítòsí ayé wa jù. Ọ̀nà kọ́ ló ń dènà ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Oòrùn ni. Gbogbo ohun tí ẹ ó gbọ́ lálẹ́ yìí nípa bí àwọn onímọ̀ ṣe wádìí rẹ̀, bí wọ́n ṣe bá oòrùn ṣe é ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Fífẹ̀ Mẹ́kúrì láti ìhà kan sí èkejì jẹ́ kìlómítà 4,880, ayé wa sì fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ àti díẹ̀ sí i. Ó fi nǹkan bí mílíọ̀nù kìlómítà 58 jìnnà sí oòrùn. Tiwa jẹ́ 150. Ọjọ́ 88 péré ló fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Kò ní afẹ́fẹ́ tó ṣe é mí. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ rẹ̀ ń gbóná tó dígírì 430, ooru tó lè yọ́ òjé. Lóru, nígbà tí kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò ká ooru náà mọ́, á tutù dé dígírì 180 nísàlẹ̀ òdo.

Ọ̀sán àti òru ibẹ̀ gan-an ni àgbà ìyanu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi gbà pé ojú kan ṣoṣo ni Mẹ́kúrì ń kọ sí oòrùn títí láé. Ní 1965, Gordon Pettengill àti Rolf Dyce fi ẹ̀rọ rédà ńlá tó wà ní Arecibo ní erékùṣù Puerto Rico nígbà náà ta ìgbì rédíò sí i. Bí ìgbì náà ṣe padà wá fi hàn pé ó ń yí lórí ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 59 lẹ́ẹ̀kan. Giuseppe Colombo, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Ítálì tó ń kọ́ni ní Padua, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń pè ní Bepi, ló rí i pé ìṣirò náà bára mu: bí Mẹ́kúrì bá yí oòrùn po lẹ́ẹ̀mejì, yóò ti yí lórí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́lẹ́. Ohun tó bí ni pé láti ìgbà tí oòrùn bá là níbẹ̀ títí di ìgbà tí yóò tún là, ọjọ́ 176 tiwa ni. Ẹ fi ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún ṣírò rẹ̀: kí ilẹ̀ ibẹ̀ tó ṣú kó sì tún mọ́, a ó ti ná ọjà nígbà mẹ́rìnlélógójì. Ọdún méjì ti Mẹ́kúrì ló wà nínú ọjọ́ rẹ̀ kan.

Ó tó àkókò láti sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ sí Mẹ́kúrì. Kí n tó wọ ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú àwọn àgbà wa tó ṣòwò ní Kánò láyé àtijọ́ máa wí lọ́kàn pé òun ti gbọ́ orúkọ Mẹ́kúrì yìí rí. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, àwọn Amẹ́ríkà ní ibùdó kan ní Kánò tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ tí wọ́n rán lọ sókè, bíi John Glenn tó yí ayé po ní February 1962. Mẹ́kúrì ni wọ́n pe ètò náà. Ṣùgbọ́n kò ní í ṣe pẹ̀lú pílánẹ́ẹ̀tì yìí rárá. Ayé wa yìí náà ni wọ́n ń yí po.

Rírán ọkọ̀ lọ sí Mẹ́kúrì fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ẹrù mìíràn. Bí a bá ta rọ́kẹ́ẹ̀tì sí ìhà oòrùn, oòrùn á máa fà á, bó sì ti ń súnmọ́ ọn ni eré rẹ̀ á máa le sí i. Awakọ̀ tó fi lọ́rì kó iṣu, tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè gíga, mọ ohun tí mò ń wí: bí ọkọ̀ yóò ṣe rìn kì í ṣe ìṣòro rẹ̀ mọ́, bí yóò ṣe dúró ni. Níwọ̀n bí kò sì ti sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, kò sí bí a ṣe lè ta parasúùtì. Agbára tí ọkọ̀ nílò kó tó lè dúró lọ́dọ̀ Mẹ́kúrì pọ̀ ju èyí tí yóò fi dé Pluto lọ́hùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ Pluto jìnnà ju Mẹ́kúrì lọ fíìfíì.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn kọjá, kí òòfà ibẹ̀ yí i lọ́wọ́ padà, kó sì dín eré rẹ̀ kù láìjó epo. Mariner 10, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀, ló kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí láti ti ọ̀dọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì kan dé òmíràn. Ó gbéra ní November 3, 1973, ó gba ẹ̀gbẹ́ Àgùàlà kọjá ní February 1974, ó sì dé ọ̀dọ̀ Mẹ́kúrì ní March 29. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n rò pé yóò kọjá níbẹ̀. Bepi Colombo yìí kan náà ló pe àkíyèsí wọn sí i pé, bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ dáadáa, ọkọ̀ náà yóò máa yí oòrùn po ní ọjọ́ 176, yóò sì tún máa bá Mẹ́kúrì pàdé. Bẹ́ẹ̀ ló rí: ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọjá níbẹ̀, tó fi di March 1975. Nígbà tí gáàsì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ ń tán lọ, wọ́n yí páńẹ́lì sólà rẹ̀ sí oòrùn, wọ́n fi agbára ìmọ́lẹ̀ lásán darí rẹ̀. Oòrùn tó ń da iṣẹ́ wọn rú ni wọ́n tún fi ṣe atọ́kọ̀.

Ọjọ́ 176 náà ló sì dí wọn lọ́wọ́. Ẹ rántí pé iye ọjọ́ tó wà láàrin ìlà oòrùn kan àti èkejì níbẹ̀ nìyẹn. Nígbàkígbà tí Mariner 10 bá padà, apá kan náà ni oòrùn ń tàn sí, ìyókù wà nínú òkùnkùn. Kò rí ju nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Mẹ́kúrì yà ní fọ́tò. Ó rí kòtò lórí kòtò tí òkúta ojú sánmà gbẹ́ síbẹ̀, ó sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí: Mẹ́kúrì ní òòfà bíi ti mágínẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí ayé wa náà ti ní in. Lẹ́yìn náà, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọkọ̀ kankan kò débẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ kejì, MESSENGER, ló tún lọ. August 3, 2004 ló gbéra, kò sì wọ agbo Mẹ́kúrì títí di March 2011. Lójú ọ̀nà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ayé wa lẹ́ẹ̀kan, ti Àgùàlà lẹ́ẹ̀mejì, ti Mẹ́kúrì fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ láti fi tẹ bíréèkì. Ohun tó wù mí jù lára ọkọ̀ náà ni aṣọ tí wọ́n fi ṣíji bò ó. Aṣọ ni mo pè é, nítorí aṣọ ni: wọ́n fi okùn tín-ínrín tí a ṣe láti ara amọ̀ líle hun ún, wọ́n ta á sí iwájú ọkọ̀ bí ìbòrí, ó ga ju ènìyàn lọ. Iwájú rẹ̀ tó kọ sí oòrùn lè gbóná dé dígírì 370. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà wà, nǹkan bí dígírì 20 ni, èyí tó tutù ju inú ilé wa lọ lọ́sàn-án oṣù kẹta. Bí aṣọ yẹn bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lábẹ́ aṣọ yìí ni MESSENGER ti ya gbogbo ilẹ̀ Mẹ́kúrì. Ó fi hàn pé irin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: ọkàn onírin rẹ̀ gba bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún láti àárín dé òde, òkúta tó bò ó kò nípọn rárá. Bí irin yẹn ti ń tutù díẹ̀díẹ̀ ni pílánẹ́ẹ̀tì náà ń sún kì, tí ilẹ̀ rẹ̀ fi ṣẹ́ di bèbè gíga gbọọrọ káàkiri. Imí-ọjọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, ìyẹn sì da èrò àwọn tó ní oòrùn ti jó gbogbo nǹkan bẹ́ẹ̀ dànù níbẹ̀ rú.

Ṣùgbọ́n omi dídì ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ní 1991, àwọn tó ń ta rédà láti Amẹ́ríkà rí ibi tó ń dán ní apá àríwá Mẹ́kúrì gan-an, bí yìnyín ṣe máa ń dá ìgbì padà. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Yìnyín ní ẹ̀gbẹ́ oòrùn! MESSENGER ló parí ẹjọ́ náà ní 2012. Mẹ́kúrì dúró ṣánṣán, kò tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ayé wa, nítorí náà oòrùn kì í ga ní òpin àríwá àti gúúsù rẹ̀. Àwọn kòtò jíjìn wà níbẹ̀ tí ìsàlẹ̀ wọn kò tíì fojú kan oòrùn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ọdún. Inú wọn ni omi náà dì sí, tí nǹkan dúdú kan sì bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí epo tán nínú MESSENGER, ó já lu ilẹ̀ ibẹ̀ ní April 30, 2015, ó sì dá kòtò tirẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn kòtò wọ̀nyí ní orúkọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé pinnu pé orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọnà, olórin àti òǹkọ̀wé tó ti kú ni wọn yóò máa fi sọ kòtò Mẹ́kúrì. Beethoven olórin wà níbẹ̀, Rembrandt ayàwòrán wà níbẹ̀. Láti 1976 ni Equiano ti wà níbẹ̀, ọmọ Ìgbò tí wọ́n kó lẹ́rú, tó wá kọ ìtàn ara rẹ̀ jáde ní 1789. Raditladi, òǹkọ̀wé Botswana, ní kòtò ńlá kan. Ní 2008, lẹ́yìn tí MESSENGER ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀, wọ́n fi orúkọ Ben Enwonwu sọ ọ̀kan.

Ẹni tó bá ti gba Marina kọjá ní Èkó ti rí iṣẹ́ ọwọ́ Enwonwu: ère Ṣàngó tó dúró níwájú ilé àwọn oníná, òun ló ṣe é ní 1964. Ọmọ Onítṣà ni, ṣùgbọ́n ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti pàdé ọmọbìnrin ilé Ọọ̀ni kan, Adétútù Adémilúyì, tó fi kun àwọn àwòrán Tutu. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán yẹn sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wá bá a nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tà á ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ó lé ní 2018. Ẹni tó ṣe gbogbo èyí ni kòtò wà ní orúkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn.

Àwọn tó gbẹ́ ère Ẹ̀sìẹ́ wá ńkọ́? Ère òkúta tó lé ní 800, ọkùnrin àti obìnrin tó jókòó lórí àpótí, pẹ̀lú ilà ojú àti irun dídì tó ṣì hàn kedere. Láti 1933 ni ayé ti gbọ́ nípa wọn, torí tiwọn sì ni wọ́n ṣe dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1945. Ìtàn ìlú ní àlejò ni wọ́n tó di òkúta. Oníṣẹ́ ọnà tó gbẹ́ wọn kò fi orúkọ sílẹ̀, òfin àjọ onímọ̀ ìràwọ̀ yẹn sì ń béèrè orúkọ. Ó dùn mí. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, Lámídì Fákẹ́yẹ tó ti Ìlá Ọ̀ràngún wá ni ǹ bá dárúkọ. Ọmọ Ìgbómìnà ni, òkìkí rẹ̀ kárí ayé, ó sì ti kú láti 2009. Ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ẹ lè kọ lẹ́tà o, kò ní kí wọ́n má kà á.

Ọkọ̀ kẹta ni BepiColombo, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n Colombo tí mo sọ ṣáájú ni wọ́n fún un. Yúróòpù àti Jàpáànù ló jọ ṣe é, ọkọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀ ni. October 20, 2018 ló gbéra. December 2025 ló yẹ kó dé, ṣùgbọ́n iná tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó mọ́, wọ́n sì sún un sí November 2026. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gba ẹ̀gbẹ́ Mẹ́kúrì kọjá láti fi dín eré kù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ní January 8, 2025, ó kọjá ní kìlómítà 295 péré sókè, ó sì ya fọ́tò àwọn kòtò òkùnkùn wọ̀nyẹn ní àríwá. Nadine Gordimer, òǹkọ̀wé South Africa, ló ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Iye yìnyín tó wà nísàlẹ̀ wọn, àti ibi tó ti wá, wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ náà wádìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ kọ ọjọ́ yìí sílẹ̀: November 13, 2032, ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ náà Mẹ́kúrì yóò gba iwájú oòrùn kọjá bí ẹ̀kán dúdú kékeré. Láti nǹkan bí aago 8 kù ogún ìṣẹ́jú àárọ̀ títí di aago 12 ọ̀sán kọjá díẹ̀ ni, àwa ní Òrò yóò sì rí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ìkùukùu kò bá dí i. Ojú lásán kò lè rí i, ẹ má sì ṣe gbìyànjú rẹ̀: ẹni tó bá tẹjú mọ́ oòrùn, pàápàá nínú awò, lè fọ́ lójú kí ó tó mọ̀. Ẹ gbé awò awọ̀nàjíjìn kékeré kan sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yọjú sínú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú rẹ̀ bọ́ sórí pátákó funfun nínú òjìji, kí àwọn ọmọ sì kọ̀yìn sí oòrùn láti wo pátákó. Àárọ̀ November lè ní kùrukùru díẹ̀, nítorí náà ẹ má ká awò nílẹ̀ bí aago mẹ́jọ kò bá dára. Wákàtí mẹ́rin gbáko ló kù.